Ariwo Ẹ̀rọ Nílé Yìnyín

Bí mo bá sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ mí, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Mo máa ń lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣòwò láti wo bí wọ́n ṣe ń lo iná àti epo, mo sì máa ń fi ibi tí wọ́n ti ń ṣòfò hàn wọ́n, kí ìnáwó wọn lè fúyẹ́, kí èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wọn sì lè dín kù. Ní Ìlàjẹ, níbi tí iná ìjọba ti di ìtàn tí àgbà ń sọ fún ọmọdé, ẹni tó bá ní kí èèyàn máa ṣọ́ iná lò dà bí ẹni tó ní kí ẹni tí ebi ń pa lọ gbààwẹ̀. Àwọn awakọ̀ ojú omi ló sọ mí ní Panápaná. "Panápaná, ibo ló tún ń jó lónìí?" Inú máa ń bí mi sí i. Mo jẹ́ ẹni tí inú máa ń tètè bí, pàápàá tí mo bá rí gílóòbù tó ń tàn lójú oòrùn, tí ẹni tó tàn án sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, tó ń ráhùn pé epo wọ́n.

Àkúrẹ́ ni ilé iṣẹ́ tó gbà mí wà. Àwọn tó kù níbẹ̀ kò fẹ́ràn omi, èmi nìkan sì ni ọmọ Ìlàjẹ láàárín wọn, nítorí náà wọ́n kó gbogbo etí omi lé mi lọ́wọ́. Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Mahintedo ni mò ń gbé, ilé pákó tó dúró lórí òpó, tí yàrá rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè sùn sí lọ. Ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin wà nílùú òyìnbó. A ti jọ sọ ọ́ pé èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìwé tèmi kò jáde, mo tún un ṣe, kò tún jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ la máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù. Nígbà tó yá, ó di ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Nígbà tó tún yá, mo wá rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, a kò sì pe ara wa. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí. Mò ń dá jẹun, mò ń dá sọ̀rọ̀, mo sì ti bínú sí mítà tí mo fi ń wọn iná rí bí ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, torí pé kò dá mi lóhùn.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀rẹ̀ pe ọ́fíìsì wa nítorí ìyá rẹ̀. Opó ni ìyá náà, ó sì ń ṣe yìnyín tà fún àwọn apẹja ní Araromi. Owó epo dísẹ́ẹ̀lì ti fẹ́ jẹ òwò náà run. Olùkọ́ yìí bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tó ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwáwí wọn ò ju yìnyín lọ. Bí ìnáwó epo yẹn kò bá lọ sílẹ̀ kí òjò tó dé, ilé yìnyín á kógbá sílé, wọn ò sì ní ní àwáwí mọ́." Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n ṣàṣeyọrí àbí kò fẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn lè sọ pé òun gbìyànjú.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kí n tó rí ilé náà ni mo ti gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ló wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù, arúgbó ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé ọwọ́ nìkan ni mo fi kí ìyá náà. Ó fà mí lọ́wọ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọma mi, ghá jẹun." Mo ní iṣẹ́ ni mo bá wá, ma. Ó ní, "Uṣẹ́ ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá lọ. Jókòó." Púpurú àti ẹja tútù ló gbé síwájú mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti se oúnjẹ dè mí, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ó ń wò mí. Ó ní ìyàwó mi kò tọ́jú mi. Mo ní kò sí nítòsí. Ó ní òun ti mọ̀ láti ara kọ́là ẹ̀wù mi.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí màmá mi máa ń mú mi wá sí Araromi, ilé wà níwájú ilé yìnyín náà, ilé mìíràn sì tún wà níwájú ìyẹn kí èèyàn tó dé iyanrìn. Òkun ti kó gbogbo wọn lọ. Ilé yìnyín ni ó wá di iwájú báyìí. Láàárín rẹ̀ àti omi, kò sí nǹkan kan bí kò ṣe sàréè ọkọ ìyá náà, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, tí wọ́n lẹ táìlì aláwọ̀ sánmà mọ́ lórí. Ọkọ náà ló ni ilé náà, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìnyín. Àràárọ̀ ni ìyá máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá iyanrìn kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ẹbí mìíràn ti hú egungun èèyàn wọn, wọ́n ti gbé e lọ sí ìhà ọ̀sà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dá a lábàá, ìyá ní ọkọ òun sọ kó tó kú pé ibi tí òun ti ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Nítorí náà ohun tí òwò yìnyín ń gbé dúró ju yìnyín lọ. Bí ó bá kógbá sílé, ìyá á fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún omi.

Mo fi gbogbo ọkàn mi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé kì í ṣe torí ìyá nìkan. Mo ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Inú yàrá ńlá kan ni àwọn fírísà tí ìyá fi ń ṣe yìnyín tò sí, lórí pákó nítorí omi òjò. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì pa. Ohun tí gbogbo ará etí òkun ń ṣe nìyẹn: iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irin, nítorí náà a máa ń ti ilé mọ́ ẹ̀rọ wa bí ẹní ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fírísà gbọ́dọ̀ mí. Ooru tó ń tú jáde lára wọn kò ríbi lọ, ó sì ń padà sára wọn, débi pé ẹ̀rọ ń fi epo lé ooru tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Mo ṣí fèrèsé ìhà ọ̀sà nìkan, ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ha yìnyín tó ti dì mọ́ ara ògiri inú fírísà. Mo pààrọ̀ rọ́bà ẹnu wọn tó ti gbó. Àwọn apẹja ní àṣà kan tó ń bí mi nínú: bí wọ́n bá dé ní ìdájí, olúkúlùkù á ṣí gbogbo fírísà, á máa fi ìka kan yìnyín bí ẹni tó ń yan pọ́nmọ́, títí yóò fi rí èyí tó le jù. Mo ní kí ìyá máa ta ti ọ̀kan tán kí ó tó ṣí òmíràn. Wọ́n kùn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo tún máa wọn bí wọ́n ṣe ń mí.

Mo lọ sí sọ́míìlì kan ní Igbókọ̀dá, mo bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́búlẹ́bú pákó, mo gbé e wá nínú àpò lórí omi. A fi pákó pẹlẹbẹ kan àpótí yí àwọn fírísà ká, a sì ki lẹ́búlẹ́bú náà sáàárín, kí òtútù má lè sá. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti wọ ẹ̀wù òtútù fún òtútù rí. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe iná la fẹ́ máa tọ́jú, òtútù ni. Iná ò ṣeé tọ́jú pa mọ́ láìnáwó. Yìnyín gan-an ni bátìrì yín." Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń tún un sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, pé Panápaná ní yìnyín ni bátìrì.

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ibi tó kù tí ó ń gbà jò kò pamọ́: alẹ́ ni. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti ṣe, yìnyín tó bá dì ní ọ̀sán lè dúró títí di ìdájí láìsí iná rárá. Síbẹ̀ ìyá kò gbà kí wọ́n pa ẹ̀rọ lálẹ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní yìnyín á yọ́. Mo fi han án pé kò ní yọ́. Ó ní olè á wá. Mo ní olè wo ló ń jí yìnyín. Ó ní àwọn aládùúgbò fẹ́ràn ariwo ẹ̀rọ náà. Aládùúgbò wo? Ìhà kan ilé náà ni òkun, ìhà kejì ni ilé àlejò tí kò sí ẹni tó ń gbé e mọ́. Mo bínú, mo gbé ohùn sókè sí ẹni tó lè bí mi, mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ dúró síbí o, èmi ò ní ọkọ tí wọ́n sin síbí." Ó wò mí lọ títí, ó ní kí n mu omi.

Ọmọ rẹ̀ ń pè. Òjò ń bọ̀. Mo bẹ ìyá pé kí ó jẹ́ kí a yọ wáyà fírísà kan ṣoṣo fún òru kan, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ṣí i, yìnyín le koránkorán. Mo ń yọ̀ bí ọmọdé. Ìyá fi ọwọ́ kàn án, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì wọlé lọ. Inú tún bí mi pé kò yọ̀ bá mi.

Ilé iṣẹ́ mi rí i pé ìnáwó náà ti wálẹ̀ tó láti gbé sólà fún un, tí yóò máa fi owó epo tó ń ṣẹ́kù san díẹ̀díẹ̀. A to pánẹ́ẹ̀lì náà sórí òrùlé. Oòrùn ń ṣe yìnyín lọ́sàn-án, òtútù inú lẹ́búlẹ́bú ń gbé e di ìdájí. Ọjọ́ tí a pa jẹnẹrétọ̀ náà tọ̀sán-tòru, tí ìyá kò sì bá wa jiyàn mọ́, àwọn tó ń kọjá dúró wò. Èéfín tó ti ń sọ ògiri ẹ̀yìnkùlé di dúdú láti ọjọ́ pípẹ́ dáwọ́ dúró. Mo pe olùkọ́ yẹn ní Ọ̀rẹ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ ti ní àwáwí tuntun. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀, ó dúpẹ́.

Wọ́n rán mi lọ síbòmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ní ilé àlejò kan ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ẹ̀rọ tó lè gbé odindi ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń ṣájì fóònù. Ibi gbogbo tí mo bá dé, ilé yìnyín ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Mò ń fọ́nnu. Bí mo bá padà sí Mahintedo ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi lórí pákó, mo máa ń sọ fún ara mi pé, ó kéré tán, mo ti bá ẹnì kan gbé ilé rẹ̀ dúró.

Nígbà tí mo padà sí Araromi, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ilé yìnyín ń ṣe dáadáa, àwọn fírísà kún. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó mú mi lọ sínú yàrá tó ń sùn, ní ìhà òkun, ó ní kí n jókòó sórí ibùsùn, kí n má sọ̀rọ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìró ìgbì lókèèrè tí gbogbo wa fi ń sùn láti kékeré. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń wá. Omi á já lu ilẹ̀, á dákẹ́, iyanrìn á wá máa ṣàn padà lẹ́sẹ̀ ògiri, bí ìgbà tí èèyàn ń kó gààrí sínú àpò. Ibùsùn ń gbọ̀n díẹ̀.

Ìyá ní, "Lọ́sàn-án, mo ń fojú rí ibi tí omi dé. Lálẹ́, mi ò fẹ́ mọ̀. Láti ìgbà tó ti kó ilé iwájú lọ ni mo ti ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ké mọ́jú, kí n lè sùn. Kì í ṣe yìnyín, ọma mi. Éè ṣe yìnyín rárá."

Mo ní, "Ẹ̀rọ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ma. A lè máa tàn án fún yín lálẹ́. Èmi fúnra mi á máa ra epo rẹ̀." Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu Panápaná. Ó mi orí. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ti gbọ́ ò lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́." Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè kan. Mo ti sọ fún un rí pé àwọn onímọ̀ ní èéfín gbogbo ayé ló ń mú kí òkun máa wú. Ó bi mí bóyá èéfín ẹ̀rọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹyọ iyọ̀ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Mo ní ibi tí àwọn tó ń jó èyí tó pọ̀ jù ń gbé, omi ò tíì kan ilé wọn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí nínú yàrá náà.

Ó ní òun ń lọ sí Ọ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní òwò ṣẹ̀ṣẹ̀ dára, mo ní kí ó wo bí òjò yìí yóò ṣe parí ná. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ta lò ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọma mi?" Ara mi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, a sì jọ mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan ní ìhà ọ̀sà gba òwò náà. Àwọn fírísà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí lẹ́búlẹ́bú wọn, èmi ni mo tú pánẹ́ẹ̀lì náà, tí mo sì lọ tún un tò sórí òrùlé tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ó wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ wá mú un, ọkọ̀ ń dúró ní etí ọ̀sà. A ti kó ẹrù. Ìyá gbé ìgbálẹ̀, ó gbá orí sàréè, ó nu táìlì kọ̀ọ̀kan. Omi ti ń dé ẹsẹ̀ sàréè náà bí ìgbì bá ti já. Nígbà tó ṣe tán, ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ó bi mí bóyá epo ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Mo ní ó kù díẹ̀, ma.

"Bá mi tàn án."

Mo ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́ tí yóò gbé, a ti tú gbogbo wáyà. Ó sún mọ́ mi, ó fi orí júwe sàréè, ó rẹ ohùn sílẹ̀ gan-an, bí ẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí rẹ̀.

"Mi ò sọ fún un pé mò ń lọ. Mi ò fẹ́ kí ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi."

Mo tàn án. Ó gbọ̀n, ó ké, ó tú èéfín dúdú jáde. Ìyá fa aṣọ borí, ó gba ẹ̀gbẹ́ sàréè kọjá láìwo ibẹ̀, ọmọ rẹ̀ dì í mú lápá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Mi ò gbọ́ ìgbà tí ọkọ̀ wọn ṣí.

Mo lè pa ẹ̀rọ náà nígbà náà. Mi ò pa á. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú èéfín, mo ń sunkún, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ẹkún ara mi, títí epo fi tán tó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo rọra rìn lórí iyanrìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, kí bàbá yẹn má baà mọ̀ pé kò ku ẹnì kankan nínú ilé mọ́.